Sẹ́ńsọ̀ Ọkọ̀ Ìyá Wa

Ìbejì ni wá. Tí ẹ bá ń rí "a" àti "àwa" nínú àròkọ yìí, àwa méjì náà ni, kì í ṣe pé a ń fi ara wa jọba. Ìyá wa ń ta ẹ̀lùbọ́ ní ọjà Bódìjà, n'Íbàdàn. Ìyá Ìbejì ni gbogbo ọjà mọ̀ ọ́n sí. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, á kó àpò ẹ̀lùbọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, á wà á fúnra rẹ̀ gba títì márosẹ̀ lọ sí Èkó, nítorí àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Kétu àti Ọjọ́ta kì í fẹ́ gbọ́ pé ọkọ̀ bàjẹ́. Owó ilé ìwé wa, inú búùtù ọkọ̀ yẹn ló ti jáde.

Lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú sójú ọ̀nà. Kì í ṣe ikú téèyàn ń rí bọ̀ láti òkèèrè. Kò ní wúkọ́, kò ní rú èéfín, kò ní gbọ̀n. Á kàn dákẹ́. Ọwọ́ aago tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí á já wá sí òdo lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ti wakọ̀ rí á mọ ohun tó máa tẹ̀lé e: sítíárì á le bí igi, bíréèkì á gbọ́ràn lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà á dà bíi pé òkúta lèèyàn ń tẹ̀. Ìgbà kẹta tó ṣẹlẹ̀, ìtòsí Ògèrè ni, níbi tí àwọn tírélà àti táńkà máa ń tò sí lọ rẹrẹ. Ìyá wa rọ́ ọkọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú agídí. Táńkà tó ń bọ̀ lẹ́yìn tẹ hóònù títí tó fi kọjá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sọ ìtàn náà fún wa, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó fi di ife omi mú ń gbọ̀n.

Ohun tó wá yani lẹ́nu ni pé tí ọkọ̀ náà bá ti kú báyìí, tí ìyá wa bá ṣí bónẹ́ẹ̀tì, tó dúró bí ìṣẹ́jú 30, á yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ á jí bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Á sì gbé e délé.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní fúẹ́ẹ̀lì pọ́ǹpù ni. A pààrọ̀ ẹ̀, ₦45,000. Ríwáyà ní àwọn wáyà kan ló ń fara kanra, ó gé, ó so, ó gba ₦15,000. Ẹnì kẹta fi etí sí ẹ́ńjìnnì bíi dókítà, ó ní, "Mà, ẹ́ńjìnnì yìí ti rẹ̀ o. Ẹ jẹ́ ká bá yín wá tòkunbọ̀ mìíràn." ₦650,000! Gbogbo wọn pátá, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń dá ìyá wa padà sílé: "Ó ti jí, Mà. Ẹ máa lọ." Ọkọ̀ náà sì ti jí lóòótọ́. Àmọ́ ẹ bá wa rò ó wò. Kí wọ́n tó fa ọkọ̀ tó kú dé ṣọ́ọ̀bù, ó ti tutù. Kò sí bí kò ṣe ní jí. Ẹni tó tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀ àti ẹni tí kò fọwọ́ kan nǹkan kan, ọkọ̀ yẹn á jí fún àwọn méjèèjì. A ò fi èyí bú àwọn mẹkáníìkì o. A mọ àwọn tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn ọkọ̀ láti gẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti mọ ohun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n "ó ti jí" kì í ṣe ẹ̀rí fún irú àìsàn yìí, òun nìkan sì ni ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni fún wa.

Àwa kì í ṣe mẹkáníìkì. Ọ̀kan nínú wa ń tún fóònù ṣe, èkejì ń kọ́ físíìsì. Ohun tí a ní ni mítà tí a fi ń wọn iná, àti ìbẹ̀rù pé Ọjọ́bọ̀ ń bọ̀, ìyá wa á tún gba Ògèrè kọjá. A ra sìkánà kékeré kan, kò ju páálí ìṣáná lọ, èyí tí wọ́n ń kì bọ ihò abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tó sì máa ń fi Bluetooth bá fóònù sọ̀rọ̀. Láti ọkọ̀ ọdún 1996 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n bá tà níbẹ̀ ní irú ihò yìí, nítorí náà ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó wá láti ọ̀hún ló ní in. Kóòdù kan ṣoṣo ló jáde: P0335. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìsọfúnni tó yẹ kó máa ti ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ kíráǹkì wá kò wá dáadáa.

Kí ni sẹ́ńsọ̀ kíráǹkì? Nínú ẹ́ńjìnnì, ọ̀pá kan wà tó ń yí, gbogbo písítìnì ló so mọ́ ọn. Òun ni kíráǹkì. Àwo onírin kan wà lára rẹ̀ tó ní eyín yíká bíi ti ayùn. Nínú irú ẹ́ńjìnnì tiwa, àyè eyín 36 ló wà, ṣùgbọ́n eyín 34 ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi àyè 2 sílẹ̀ lófìfo. Sẹ́ńsọ̀ náà dojú kọ àwo yìí, kò fara kàn án. Òòfà ló wà nínú rẹ̀, àti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n wé yíká lọ́pọ̀ ìgbà. Bí eyín kan bá ti ń kọjá níwájú òòfà, iná kékeré á ṣẹ́ nínú wáyà náà. Brainbox ọkọ̀ ló ń ka àwọn iná wọ̀nyí, ibi tí eyín 2 ò sí ló sì fi ń mọ ibi tí kíráǹkì yí dé. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, eyín 1,700 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Tí kíkà yẹn bá dúró, brainbox ò mọ ìgbà tó yẹ kó tan pílọ́ọ̀gì mọ́, kò mọ ìgbà tó yẹ kó wọ́n epo. Á dá méjèèjì dúró. Ohun tó ń pa ọkọ̀ láìwúkọ́ nìyẹn.

A ò tíì gbà á gbọ́ ná. Kóòdù lè purọ́. Wáyà tí eku jẹ lè mú kóòdù yẹn kan náà jáde. A tan ọkọ̀ sílẹ̀ nínú ọgbà, a tan AC, a jókòó. Nígbà tó pé wákàtí kan ó dín díẹ̀, ó kú. A yí kọ́kọ́rọ́ lójú ẹsẹ̀. Sítátà ń yí ẹ́ńjìnnì, etí wa ń gbọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n lójú fóònù, iye tí ẹ́ńjìnnì ń yí jẹ́ 0. Ẹ̀rọ kan ń yí, ẹni tó yẹ kó kà á sì ti sùn lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí ọkọ̀ tutù tán, a yọ sẹ́ńsọ̀ náà. Kó tó kúrò, a fi àkísà nu gbogbo àyíká rẹ̀, kí iyanrìn má baà já sínú ihò. Lẹ́yìn tó kúrò, a fi aṣọ mímọ́ dí ihò náà mọ́jú. Ohun tí a yọ náà kò ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ. Ẹ wo ohun tó fẹ́ sọ wá di ọmọ òrukàn!

A gbé mítà sí i: 1,180 ohm. Kò burú rárá. Ká ní ibẹ̀ la dúró sí, à bá ní ara rẹ̀ le. A wá fi nylon wé e, a tì í bọ inú omi gbígbóná láti inú kẹ́tùrù, a ń wo mítà. Ìyá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó ní, "Ẹ wá ń se ọkọ̀ mi bí ẹyin?" Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mítà fò láti 1,300 ó lé díẹ̀ lọ sí OL, èyí tó túmọ̀ sí pé wáyà ti já nínú. A yọ ọ́, a fi sí iwájú fáànù. Nígbà tó yá, nọ́ńbà padà. A tún dá a padà sínú omi, ó tún já. Wáyà inú rẹ̀ ti ṣẹ́ níbì kan. Tó bá tutù, ẹnu méjèèjì á kan ara wọn, tó bá gbóná, wọ́n á yà. Ìyá wa wo nọ́ńbà yẹn bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fẹ́ gba ₦650,000 lọ́wọ́ mi?"

Ní Sátidé, a mú ògbólógbòó lọ sí Gate. Ẹ má lọ ra sẹ́ńsọ̀ láìmú èyí tó bàjẹ́ lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́. Orúkọ ọkọ̀ àti ọdún rẹ̀ nìkan ò tó. Èyí tó dára jù lójú, tó wà nínú páálí titun tó ń dán, ₦6,000 ni. A yọ rúlà jáde, a wọn imú rẹ̀ láti ibi etí tí bóòtì máa ń gbà kọjá títí dé ṣóńṣó. Ó fi mìlímítà méjì kúrú sí tiwa. Ọkùnrin tó ń tajà ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé aṣọ lẹ fẹ́ rán ni?" A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a ò rà á. Àlàfo tó wà láàrin sẹ́ńsọ̀ àti eyín àwo yẹn, nǹkan bíi mìlímítà kan péré ni. Ẹni tó bá fi méjì kún un ti sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Inú ṣọ́ọ̀bù kẹta la ti rí èyí tó bá tiwa mu, ₦18,000. A gbé mítà sí i níbẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ jọ ti ògbólógbòó nígbà tó tutù. A sanwó.

Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò pẹ́ láti sọ. A yọ orí bátìrì tó jẹ́ négétíìfù. A gbé ọkọ̀ sókè pẹ̀lú jáàkì, a fi irin ìdúró tí a yá lọ́wọ́ fọkanáísà gbé e ró, a tún ti ríìmù sábẹ́ rẹ̀, torí jáàkì nìkan kì í ṣe ohun téèyàn ń wọ abẹ́ rẹ̀. A yọ táyà iwájú, a yọ rọ́bà tó bo inú ibẹ̀. Ọwọ́ ọ̀kan nínú wa kéré ju ti èkejì lọ; òun ló wọlé, èkejì di tọ́ọ̀ṣì àti dígí ìwojú mú.

Ibi tí sẹ́ńsọ̀ á jókòó sí ló gba àsìkò wa. A yọ aṣọ kúrò nínú ihò. A kọ́kọ́ wo ògbólógbòó bóyá òrùka rọ́bà rẹ̀ bá a jáde, torí tó bá ṣẹ́kù sínú ihò, titun ò ní wọlé tán láyé. Ó wà lára rẹ̀, ó ti le, ó ti rí pẹlẹbẹ. A fi ìka ta ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sára òrùka titun kó má baà ya. A wá ti sẹ́ńsọ̀ náà wọlé pẹ̀lú ọwọ́, gbọnrangandan, à ń yí i díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Rọ́bà á kọ́kọ́ ṣagídí, lẹ́yìn náà á gbà, etí sẹ́ńsọ̀ á sì pàdé irin. Kò ní dún. Ọwọ́ ló máa mọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe níbí ni pé tó bá ti wọlé dé ìdajì, wọ́n á fi bóòtì fà á wọlé yòókù. Ó rọrùn, kò sì dáa. Ike ni etí yẹn. Bóòtì á fa apá kan wọlé, apá kejì á dàgẹ̀, tàbí kí etí náà sán láìdún. Ẹ ò ní rí i láti ìta, ọkọ̀ á sì jí. Ẹ gbọ́ o, á jí! Iná tí òòfà yẹn ń mú jáde máa ń lágbára sí i bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń yára, nítorí náà sẹ́ńsọ̀ tó jókòó ìdajì lè ṣiṣẹ́ tí ọkọ̀ bá ti ń sáré. Ìgbà tí sítátà ń yí i jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ló máa ń ṣòro: ọkọ̀ á pẹ́ kó tó jí láàárọ̀, á jí lónìí, á kọ̀ lọ́la. Wọ́n á tún ní fúẹ́ẹ̀lì pọ́ǹpù ni.

A ya bébà kan nínú ìwé ilé ìwé. Kí a tó fi bóòtì kan rárá, a fi etí bébà náà yí ìdí sẹ́ńsọ̀ po, ibi tí ike ti pàdé irin. Ó yẹ kó máà ríbi wọ̀. Nísàlẹ̀, kò wọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò wọ̀. Lókè, bébà wọlé.

A yọ sẹ́ńsọ̀ náà padà. Dígí ló fi ohun tó wà níbẹ̀ hàn wá: ọ́ìlì àtijọ́ àti iyanrìn tó ti gan mọ́ ojú irin lápá òkè, bí èépá, ó le, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ti irin gan-an. Ó lè ti wà níbẹ̀ kí ọkọ̀ tó wọ Nàìjíríà. A fi igi pẹlẹbẹ há a, kì í ṣe ọ̀bẹ, a ń nù ún síta pẹ̀lú àkísà tó lọ́ìlì díẹ̀, a tún fi aṣọ dí ihò bí a ti ń ṣe é. Ìgbà tí a dá sẹ́ńsọ̀ padà, bébà ò ríbi gbà lókè, kò ríbi gbà nísàlẹ̀. A yí bóòtì pẹ̀lú ìka lásán, ó wọlé dópin láìjà, ìyẹn ni pé ihò bá ihò mu. Lẹ́yìn náà la fi sókẹ́ẹ̀tì nọ́ńbà 10 fún un, pẹ̀lú ìka méjì lórí ọwọ́ sípánà, ó tán. Bóòtì kékeré ni, kì í ṣe nọ́ọ̀tì táyà. Ẹni tó bá fi gbogbo ara fà á, á já a sínú ẹ́ńjìnnì, ìyẹn á sì di ẹjọ́ mìíràn.

Ẹnu wáyà dún "kọ́!" nígbà tó wọlé. A fà á díẹ̀, kò yọ. A fi wáyà náà padà sínú ìkọ́ rẹ̀, kó má baà lọ fara kan fáǹbẹ́ẹ̀tì.

Ìyá wa ti ń dúró. Nígbà tí ọkọ̀ jí lẹ́ẹ̀kan náà, ó pàtẹ́wọ́, ó ní kí a kó àpò wọlé, òun fẹ́ lọ lọ́jọ́ Ajé. Oníbàárà kan ní Kétu ti pè é lẹ́ẹ̀mẹrin. A ní kó fún wa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó bínú. "Ẹ̀yin lẹ ní ó ti bàjẹ́, ẹ̀yin lẹ tún un ṣe, ó ti jí, kí lẹ tún ń wá?" A ní, "Mà, ó jí fún àwọn yẹn náà." Ó wò wá, ó wọlé lọ. Kò bá wa sọ̀rọ̀ títí di alẹ́, ẹ̀rù sì ń bà wá pé tí oníbàárà yẹn bá lọ, àwa la máa san án.

A ṣe ohun tó kù. Tí sítátà bá ń yí, fóònù ń ka 230, 240. Tí ọkọ̀ bá jí tó fara balẹ̀, ó ń ka bíi 700. A pa kóòdù rẹ́. A tẹ́ páálí sábẹ́ ibi tí sẹ́ńsọ̀ wà mọ́jú ọjọ́ Àìkú. Nígbà tó di àárọ̀, kò sí ọ́ìlì lórí rẹ̀. A tan ọkọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú AC fún wákàtí méjì, ìlọ́po àkókò tó fi máa ń kú. A pa á nígbà tó gbóná jù, a tan án, a pa á, a tan án, lẹ́ẹ̀márùn-ún. Lọ́jọ́ Ajé, a wà á wọ inú súnkẹrẹ fàkẹrẹ Mọ́kọ́lá àti Ìwó Road lọ́sàn-án gangan, níbi tí ooru kì í ti í ríbi sá sí. Kóòdù ò padà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá wa kó àpò mẹ́jọ. Àwa méjèèjì bá a lọ, ọ̀kan jókòó síwájú pẹ̀lú fóònù lórí itan, èkejì há sáàárín ẹ̀lùbọ́ lẹ́yìn. Ìyá wa ò sọ̀rọ̀ títí a fi ń sún mọ́ Ògèrè. Àwọn tírélà tò síbẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń tò. Ó di sítíárì mú le, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó ń wo dígí ẹ̀yìn lemọ́lemọ́. Nọ́ńbà tó wà lójú fóònù ń lọ sókè sódò bí ó ṣe ń tẹ ẹsẹ̀: 2,600, 2,750, 2,700. Nígbà tí a kọjá ibẹ̀ tán, ó mí kanlẹ̀. Ó ní kí ẹni tó wà níwájú pa fóònù yẹn ná, kó bá òun mú ìwé ìṣirò inú àpamọ́wọ́ òun, kó ka iye àpò tí oníbàárà Kétu yẹn ṣì jẹ òun lọ́wọ́ kí òun tó débẹ̀.